Ọkọ̀ Torleiv Wà Fún Títà

Ó wà fún títà. Mo kọ ọ́ sára páálí,
mo fi wáyà so ó mọ́ irin iwájú rẹ̀;
òjò Kristiansund ti fọ nọ́ńbà fóònù mi dànù lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá kanlẹ̀kùn.
Ilé funfun ni, lókè èbúté,
ibi tí ẹyẹ òkun ń yàgbẹ́ sí.

Igi páìnì ni ara rẹ̀, igi óákù ni egungun.
Lọ́dún tí wọ́n kàn án, ìyá mi kò tíì mọ bàbá mi.
Ó ń jò díẹ̀. Èmi náà ń jò díẹ̀:
ọmọ ọgọ́rin ọdún kì í purọ́ nípa omi.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.
Méjì ni wọ́n, wọ́n dúró nínú òkùnkùn
bíi màlúù méjì lásìkò yìnyín.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí irin roboto
tí ẹ ó máa fi fìtílà afọnná yá,
títí yóò fi pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Kò sí kọ́kọ́rọ́. Kò sí bọ́tìnnì.
Ẹ ó di kẹ̀kẹ́ ńlá náà mú, ẹ ó fì í sẹ́yìn, ẹ ó fì í síwájú,
ẹ ó sì tètè yọwọ́:
ó jẹ ìka Torleiv kan lọ́dún tí a ṣègbéyàwó.
Tòsì ni kí ẹ kọ́kọ́ jí.
Bí ẹ bá jí tọ̀tún ṣáájú, tòsì á ní òun ò gbọ́.

Mẹ́jọ péré ni wọ́n rọ irú wọn kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé.
Mẹ́rin wà nísàlẹ̀ òkun.
Méjì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n, wọn ò mí mọ́.
Méjì tó kù ló wà nínú ọkọ̀ mi, tí wọ́n ń rùn.

Pòkú, pòkú, pò... kú.
Ohùn yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀dùnkún kaná fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Òkun kọ́ ló pa á.
Orí ìlà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan ti Oslo wá, bàtà rẹ̀ funfun.
Ó ní òun yóò gé irin náà tà lórí ìwọ̀n, òun yóò fi bátìrì sí i.
Mo fún un ní kọfí. Mo fún un ní fìlà rẹ̀.
Èkejì ti Hamburg wá: ẹ́ńjìnnì lòun fẹ́, kí n máa gbé igi mi.
Ó fẹ́ gbé ọkàn, kó fi àyà sílẹ̀.
Mo pe iye tí mo mọ̀ pé kò lè san;
ọjà tí a ò fẹ́ tà, owó rẹ̀ ò lópin.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọbìnrin kan dé láti ilé iṣẹ́ ẹja,
Gunnvor, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lápá rẹ̀.
Kò béèrè owó. Ó ní kí n jí wọn.
Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó dijú, ó pẹ́,
ó ní, "Màmá, tọ̀tún ló ń wúkọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Torleiv sọ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú mílíìkì.
Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé èló ló ní.
Ó sọ ọ́. Ó kéré débi pé ojú ti àwa méjèèjì.
Mo ní kó gbé e wá lọ́la.

Lálẹ́ yìí mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti ìṣáná.
Tòsì nìkan ni mo jí.
Mo fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe nígbà tó bá dá wà.
Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa,
ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń fa okùn,
ó ń fẹ́ yípo.